Dókítà Ní Kí Ọkọ Jókòó

Obìnrin kan dúró nínú òjò níwájú ilé-ìwé jẹ́léósinmi ní ìlú Oton tiwa níbí, agbòjò rẹ̀ ti yí sókè, aṣọ iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ń bú agbòjò náà bí ẹni ń bú ewúrẹ́ tó jẹ iṣu. Elmo Palmares, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kérò, rí i, ó sì gbàgbé pé ebi ń pa òun. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

"Tíṣà, ẹ wọlé kí agbòjò yẹn tó gbé yín lọ!"

"Ṣé kẹ̀kẹ́ tìẹ ò jò?"

"Ó ń jò. Ibi tí ẹ máa jókòó sí nìkan ni kò jò."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jáde. "Ilé ìwòsàn ńlá, ní ìlú Iloilo. Jọ̀ọ́, tètè."

Elmo wa kẹ̀kẹ́ náà débẹ̀. Obìnrin náà ti wọlé lọ tán kí Elmo tó rí i pé ó gbàgbé báàgì rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Elmo gbé e, ó sáré tẹ̀ lé e, ó sì bá a lẹ́nu ọ̀nà Dókítà Villaruz. Dókítà yìí, ìyá àgbà tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, rí ọkùnrin tó gbé báàgì obìnrin lọ́wọ́.

"Ọkọ, wọlé, jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín méjèèjì."

Lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í bá dókítà jiyàn. Elmo jókòó. Kí obìnrin náà tó lanu, Dókítà ti bẹ̀rẹ̀.

"Jẹjẹrẹ tó wà lọ́mú ẹ yìí, a máa bá a jà, mo sì gbà pé a máa borí ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tó le tó bẹ́ẹ̀ lè ba ẹyin tí obìnrin fi ń lóyún jẹ́. Ká tó bẹ̀rẹ̀, a lè yọ díẹ̀ nínú wọn, ká tọ́jú wọn sínú òtútù dọjọ́ iwájú. Mi ò ṣèlérí ọmọ o. Ọ̀nà ni mi ò fẹ́ kó dí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa gbà, ìtọ́jú ò sì lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, mo bi yín: ṣé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ bímọ?"

Elmo gbé báàgì náà sórí tábìlì. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò tíì mọ orúkọ wọn."

Ẹnu Dókítà ò padé mọ́. Obìnrin náà wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ àìsàn náà fún un, kò tíì rẹ́rìn-ín rí. Dókítà bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì ní kí Elmo bọ́ síta.

"Delfa ni mò ń jẹ́," obìnrin náà ké tẹ̀ lé e. Ó wá kọjú sí Dókítà. "Mo fẹ́ bímọ lọ́jọ́ kan, mà. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Nígbà tí Nena, ìyá Delfa, gbọ́, ó fàáké kọ́rí. "Ọmọ tí ò tíì lọ́kọ! Kí ni wọ́n fẹ́ yọ ẹyin ẹ̀ ṣe? Ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó kì í lé eku!"

"Ìyá, iná náà la fẹ́ pa. Tá a bá wá pa á tán, ṣé inú eérú ni n ó máa gbé?"

Nena bá jẹ́ kó lọ. Elmo, tó ti dúró dè é níta ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé Delfa lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó lójoojúmọ́. Wọ́n yọ àwọn ẹyin náà, wọ́n tọ́jú wọn, ìjà gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Irun Delfa re. Elmo ń gbé ìrẹsì rírọ̀ tí wọ́n fi adìẹ àti ata ilẹ̀ sè wá fún un.

"Orí ẹ ń dán bíi tọmọ tuntun."

"Tìẹ ńkọ́, orí bí àgbọn?"

Nígbà tó yá, Dókítà ní àwọn ò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Lọ́jọ́ náà ni Elmo sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Delfa mi orí.

"Ìwọ nìkan lọmọ ìyá ẹ. Ẹyin inú òtútù kì í ṣe ọmọ, Elmo. Lọ fẹ́ ẹni tó dájú pé ó máa bímọ fún ẹ."

Elmo ò bá a jà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó dé ilé Nena pẹ̀lú garawa àti àáké, ó ń pọnmi, ó ń la igi, bí àwọn baba wa ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wá ìyàwó láyé ijọ́un.

"Elmo, ẹ̀rọ omi ti wà láàdúgbò o!" àwọn ará ilé kejì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀rọ ò lẹ́nu tó lè fi bẹ̀bẹ̀!"

Nígbà tó ṣe, Nena fúnra rẹ̀ kígbe. "Delfa, ọmọ yìí ti pọnmi kún gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ mi! Fẹ́ ẹ, kí n lè ríkòkò se ọbẹ̀!"

Delfa rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kí ló tún kù? "Kí ìyá ẹ wá tọrọ mi," ó sọ fún Elmo. "Àmọ́ èmi fúnra mi ni n ó sọ tẹnu mi fún wọn."

Ìyá Elmo, Conching, gun àtẹ̀gùn ilé Nena lọ́jọ́ Sunday, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì tí wọ́n fi ewé wé, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Nínú ilé ìdáná, Nena já Delfa léèékánná. "Panu ẹ mọ́! Tó o bá délé ọkọ tán, a máa mọ èyí tá a máa wí."

Delfa jáde. Ó gba ọwọ́ Conching, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀, bí a ti ń kí àgbà lọ́dọ̀ wa níbí.

"Ìyá, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ti ní jẹjẹrẹ rí. Ó ṣeé ṣe kí n má bímọ láéláé."

Conching tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé ìwọ lẹni tí dókítà ní kí Elmo mi bá bímọ, tí ò mọ orúkọ ẹ̀?"

Delfa yíjú sí Elmo. "Aláròká!"

"Alẹ́ ọjọ́ náà ló ròyìn ẹ̀ fún mi," Conching ní. "Mo rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì mi fi jóná. Látọjọ́ náà ni mo ti ń retí kẹ́ ẹ pè mí. Tọ́mọ bá dé, a máa jó. Tí ò bá dé, ìwọ lọmọ tí mo wá gbà lónìí."

Nena bú sẹ́kún níbi tó dúró sí. "Ẹ jẹun," ó ń wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, agbòjò sì tún yí sókè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọdún yípo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dókítà Villaruz gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó gbé báàgì obìnrin lọ́wọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ọkọ, jókòó," ó ní. "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ bímọ?"

Elmo di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọlé mú.

"Delfa lorúkọ wọn, Dókítà. A fẹ́."