Oògùn Inú Agolo Bọ́tìnnì

Aṣọ funfun ni Aránṣọ ń rán láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ń kọrin sí i lábẹ́lẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó ni. Ọmọge tó ni ín jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ara rẹ̀ kún dáadáa, ó sì ń béèrè ohun tí gbogbo obìnrin tó sanra ti ń béèrè lọ́wọ́ Aránṣọ láti ọdún mẹ́jọ: kí ló lò tó fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí? Aránṣọ dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó ní ẹnu lòun pa dé, òun ò jẹun alẹ́ mọ́, ó tán. Irọ́ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu débi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ọmọge náà ló kọ́kọ́ rí i.

“Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ mi.”

Aránṣọ wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti wọ ìka rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí nǹkan ti ń rìn ín lẹ́sẹ̀ bí èèrà, tí iṣẹ́ díẹ̀ sì ń rẹ̀ ẹ́, ọjọ́ orí ló ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìka aránṣọ ni oko rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà béèrè bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí. Ọkọ ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní àpẹ́ńdísì nìkan ni wọ́n yọ, nígbà tí òun lọ ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta nílùú míì. Dókítà wo àpá kéékèèké márùn-ún tó wà níkùn obìnrin náà, ó ní àpá àpẹ́ńdísì kì í pọ̀ tó báyìí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Aránṣọ ò tiẹ̀ tó mẹ́wàá.

“Bàbá wọn, ẹ má bínú,” ó ní. “Kì í ṣe àpẹ́ńdísì. Àpòlúkù mi ni mo ní kí wọ́n gé kù, kí n má sanra mọ́.”

Káfíńtà yíjú sí i.

“Ṣé mo sọ fún ẹ rí pé o sanra jù?”

“Rárá.”

Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú. Aránṣọ ì bá fẹ́ kó pariwo.

Dókítà ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ náà nìkan kọ́ ló fa èyí. Bí wọ́n bá ti gé àpòlúkù kù, ara kì í rí àwọn èròjà kan fà nínú oúnjẹ mọ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni fítámì B12, tó ń tọ́jú àwọn iṣan tó ń jẹ́ ká mọ nǹkan lára. “Títí ọjọ́ ayé lèèyàn máa ń lò ó, mà, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?”

Wọ́n sọ. Abẹ́ àwọn bọ́tìnnì ńláńlá nínú agolo tó wà nídìí ẹ̀rọ ló ń tọ́jú oògùn fítámì náà sí, kí ọkọ má baà béèrè. Ọdún méjì ló fi lò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wá bọ́tìnnì dúdú, ó fa oògùn jáde, ó bi í pé ti ta ni. Aránṣọ da gbogbo rẹ̀ nù lọ́jọ́ náà, kò sì rà á mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá a fínra kó tó ṣiṣẹ́ abẹ ti rọlẹ̀, orúnkún ò dùn ún mọ́, gbogbo ayé ń yìn ín. Ara ti yá, kí ni oògùn fẹ́ ṣe?

Ó na ọwọ́ sí dókítà. “Ṣé á padà bọ̀ sípò?”

“A ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lónìí. Ó lè dín kù. Èyí tó ti bàjẹ́ tipẹ́, mi ò lè ṣèlérí ẹ̀ fún yín.”

Ọdún kan ti kọjá báyìí. Ẹsẹ̀ ti gbádùn díẹ̀, ìka ò gbádùn. Ọmọ rẹ̀ ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìyá ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ẹnu ránṣọ. Nígbà tí ọmọge ọjọ́sí tún yà wá, Aránṣọ ṣí agolo. Orí bọ́tìnnì gan-an ni oògùn wà báyìí.

“Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Wọ́n gé inú mi ni. Bó bá wù ẹ́, bá dókítà sọ ọ́, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n mú èèyàn ẹ dání lọ.”

Ọmọge bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní òun ò lè purọ́ mọ́ iṣẹ́ abẹ náà, orúnkún òun mọ ohun tó ṣe. Ohun tí òun fi pamọ́ ló ń pa òun lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni Aránṣọ ń wá bọ́tìnnì funfun kan nínú agolo. Ó pẹ́ kó tó rí i, torí ojú nìkan ló fi ń wá a.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ má fi ara yíyá dá oògùn dúró. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ẹsẹ̀ tàbí ìka bá ń kú, ẹ má dá ọjọ́ orí lẹ́bi. Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nínú ilé yín lónìí, kí ẹni tó máa gbẹnu sọ fún yín níwájú dókítà lè mọ ohun tó máa sọ.