Yàrá Méje fún Àlejò Ìgbéyàwó

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu géètì, eruku pupa bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, òógùn sì ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó gbá pépà kan mọ́ àyà. Lábísí, tó ń sá aṣọ sórí okùn, kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ wá ta nǹkan ni. Ìgbà tó wo ojú rẹ̀ ló rí i pé ìdààmú ló gbé e dé ibẹ̀. Ojú tó rẹ̀ ni, tó sì tún ń tijú pé ó rẹ̀.

Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní Dèjì Fágbénró lorúkọ òun, ọmọ Ìlárá, olùkọ́ ni òun ní Ayétòrò. Àbúrò òun, Purity, tó ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ìlaròó, ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, ọ̀túnla. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti bá sọ ọ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn ti fi yàrá wọn fún ẹlòmíràn, nítorí ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Gbogbo ilé ìtura tó kù ló ti kún. Láti àárọ̀ ni òun ti ń kanlẹ̀kùn kiri.

"Ẹni mẹ́tàlélógún ni wọ́n," ló wí, ó na pépà náà sí i. "Àwọn kan ń bọ̀ láti Kétu, ní òdìkejì bodè. Àwọn ọ̀dọ́ lè sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ni mò ń rò. Ìyá tó bí bàbá mi ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní ẹ ní yàrá."

Yàrá wà lóòótọ́. Méje ni bàbá Lábísí kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kó tó kú. Títì ni gbogbo wọn wà, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti sùn níbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àwọn àlejò ìgbéyàwó Lábísí fúnra rẹ̀ ló sùn níbẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n wá láti Ìbàdàn àti Kútọnu. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì títí oòrùn fi kanrí, ọkọ ìyàwó kò yọjú. Kò pè, kò ránṣẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá kí ojú wọn má baà ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tirẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ ti àwọn yàrá náà pa, ó ní àlejò ìyàwó kankan kò ní sùn nínú ọgbà òun mọ́.

Lábísí fi àga fún àlejò náà, ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Lábísí kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, àwọn yàrá yẹn kọ́ ló ṣẹ̀ wá. Arúgbó kan ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, kò ní ibi tí yóò fẹ̀yìn lélẹ̀. Tí Bàbá bá wà láyé, ṣé wọ́n á lé e?"

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní etí ìró, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì kọjú sí ẹ̀fọ́ tó ń já.

Lábísí àti Dèjì ló jọ tún àwọn yàrá náà ṣe. Dèjì ká ṣòkòtò sókè, ó gbé fóòmù síta sínú oòrùn, ó fi ìgbálẹ̀ gbá òkè àjà títí okùn aláǹtakùn fi bo irun rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé bí ẹ ṣe ń gbálẹ̀ ní kíláàsì yín nìyí?"

"Àwọn ọmọ ló ń gbá a. Èmi kàn ń fi ìka júwe ni."

Lábísí rẹ́rìn-ín. Nínú ilé, Màmá gbọ́ ẹ̀rín náà, ó sì gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn àlejò dé ní Fúráídè. Àwọn ará Kétu ń fi Faransé dá àpárá láàárín ara wọn. Ìyá àgbà náà fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, Lábísí sì gbé omi gbígbóná fún un, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbéyàwó Purity lọ ní ìrọ̀rùn. Ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó lọ, ìyá àgbà di ọwọ́ Màmá mú, ó sì wúre fún un títí ọkọ̀ fi fọn fèrè.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Dèjì padà wá pẹ̀lú ìkòkò kan tí wọ́n ṣèèṣì kó mọ́ ẹrù lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dé lọ́wọ́ òfo.

"Kí lẹ gbàgbé lónìí?" Lábísí bi í.

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn."

Báyìí ni Sátidé di ọjọ́ wọn. Nígbà tí ọkàn Lábísí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí kò fẹ́ kó lọ mọ́, ó jókòó tì í lábẹ́ igi máńgòrò, ó sọ ìtìjú ọdún mẹ́rin náà fún un látòkèdélẹ̀. Dèjì gbọ́ ọ tán, ó ní òun ti gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò béèrè?"

"Ẹni tó ni egbò ló mọ ìgbà tó máa tú u."

Ṣùgbọ́n Bàbá Fágbénró, bàbá Dèjì, kátíkíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlárá, náà gbọ́ ọ. Ó ní ọkùnrin kì í déédéé sá fún obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ohun kan wà tí onítọ̀hún rí. Òun kò ní fọwọ́ sí i pé kí Dèjì fẹ́ ẹ. Dèjì fẹ́ kí àwọn máa bá tiwọn lọ. Lábísí ló kọ̀.

"Mo ti dúró rí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àga ẹnì kan ṣófo," ló wí. "Mi ò tún ní dúró síbẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́."

Dèjì kò wá mọ́. Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń pe Màmá lórí fóònù, á kí i, á béèrè ìlera rẹ̀, kò sì jẹ́ bi í léèrè Lábísí rí. Lábísí á jókòó sí yàrá kejì, á máa gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dáhùn.

Ní Ìlárá, ìyá àgbà kò gba ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó bi í pé ilé ta ló sùn nígbà tí Purity ń gbéyàwó, ta ló sì fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ òun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù kejì, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu géètì. Bàbá Fágbénró sọ̀ kalẹ̀, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Ó ṣí fìlà níwájú Màmá.

"Mo sùn nínú ilé yín," ló wí, "mo jẹ oúnjẹ yín, mo sì fi ẹnu kan náà sọ̀rọ̀ àìdáa sí ọmọ yín. Ẹ forí jì mí."

Màmá ní kó jókòó. "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá tún dójú ti ọmọ yìí, mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú mi sí."

"Èmi fúnra mi ni màá mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì."

Màmá wo Lábísí, ó ní ọ̀rọ̀ náà dọwọ́ rẹ̀. Lábísí béèrè ibi tí Dèjì wà. Wọ́n ní ó wà lóde, kò láyà láti wọlé. Ó jáde lọ bá a. Dèjì ti rù. Ó dìde kúrò lára ọkọ̀ tó fẹ̀yìn tì.

"Dèjì," ni Lábísí wí jẹ́ẹ́jẹ́, "wọlé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n dá ọjọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ Lábísí tutù nini nínú ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ dì í mú. Nígbà tí wọ́n yà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Lábísí pa ojú dé.

Màmá ló rọra fọwọ́ kàn án. Dèjì dúró lórí àtẹ̀gùn, bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrì òwúrọ̀ kò tíì gbẹ lára bàtà wọn.

"Ìgbà wo lo dé?" Lábísí bi í.

"Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ kí o wo ọ̀nà rárá."

Lábísí kò dúró de ẹni tí yóò sìn ín wọlé. Ó na ọwọ́ sí i, wọ́n sì jọ gun àtẹ̀gùn náà.