Misbaudeen àti Ewé Tútù Lójú Ọ̀nà Isiokpo

Ní àdúgbò Rumuokoro ní Port Harcourt, kò sẹ́ni tí kò mọ Misbaudeen, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, kì í já oníbàárà kulẹ̀, àmọ́ ọkùnrin náà fura jù. Bí o bá kí i káàárọ̀ tí o tún rẹ́rìn-ín sí i, á máa ro ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Bí oníbúrẹ́dì bá ní búrẹ́dì òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó dáhùn. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Kò pẹ́ tó dé ìlú náà tí ẹnì kan fi ta ilẹ̀ onílẹ̀ fún un, ẹni tí ejò bá sì bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ilẹ̀ mìíràn tó wá rà wà láàárín oko ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn Isiokpo. Láàárọ̀ Sátidé kan nígbà òjò, ẹnì kan pè é pé òun rí katakata lẹ́bàá ilẹ̀ náà. Kíá ni Misbaudeen pe Amadi, ọmọ ìlú tó bá a ra ilẹ̀.

"Oga Misba, no worry," ni Amadi wí. "Na gutter dem dey dig. But no come today o. Rain don spoil that road. Wait till Monday, I go carry you pass another side."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí ló dé tí Amadi kò fẹ́ kí òun wá lónìí? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ parí kó tó di Mọ́ńdè? Misbaudeen mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù rẹ̀.

Jíìpù tòkunbọ̀ ni, kò sì tíì pẹ́ tó rà á. Títì ọlọ́dà àárín ìlú nìkan ló ti wà á rí. Láísẹ́nsì tó wà lápò rẹ̀, ẹnì kan ló bá a gbà á, kò jókòó níwájú olùdánwò kankan. Ẹni tó ta mọ́tò náà fún un ti fi ọ̀pá kékeré kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ó ní bó bá ti fa ọ̀pá yẹn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ máa fa mọ́tò, kò sí ẹrẹ̀ tàbí omi tí kò ní kọjá. Misbaudeen tí kì í gba oníbúrẹ́dì gbọ́, ó gba ìyẹn gbọ́.

Ramlah ìyàwó rẹ̀ ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó sì fi Asiata, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sílẹ̀ fún un. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá ọmọ náà jà láti kékeré.

"Bàbá Asiata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa mu omi dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí òtútù mú un, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìrora egungun yẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn rẹ̀ àti súwẹ́tà wà nínú báàgì. Ibo lẹ tiẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Àáfà ni, ní Rumuolumeni. A ò ní pẹ́."

Irọ́ ni. Ó rò pé bí Ramlah bá mọ̀, á sọ fún Mùbárákù àbúrò òun. Mùbárákù àti Amadi jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ á sì dé etí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ kí òun tó débẹ̀. Ọ̀tọ̀ lápá tí Rumuolumeni wà, ọ̀tọ̀ pátápátá lápá ti Isiokpo.

Nígbà tí wọ́n dé òpópónà Owerri, Asiata gbójú sókè. "Daddy, this one no be Rumuolumeni road."

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

Wọ́n kọjá Isiokpo, wọ́n fi ọ̀dà sílẹ̀, wọ́n yà sójú ọ̀nà oko. Ọkùnrin kan tó di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere nawọ́ dá wọn dúró ní ìkóríta.

"Oga, no pass here. Water full. Follow that school road."

Ọ̀nà ilé ìwé tó ń tọ́ka sí há, igbó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Misbaudeen rí àdá tí ọkùnrin náà kì bọ àárín ẹ̀gẹ́. Ó yí gíláàsì sókè, ó sì wakọ̀ lọ. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èyí tí wọ́n júwe ọ̀nà fún láìbèèrè tó tún kọ̀ ńkọ́?

Kò pẹ́ tó fi rí ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n kó sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu ọkọ̀ wíwà mọ ohun tí ìyẹn ń sọ ní orílẹ̀-èdè yìí: ewu wà níwájú, dúró. Àmọ́ ohun tó wá sọ́kàn Misbaudeen ni àwọn ajínigbé tó máa ń gbọ́ nípa wọn lórí rédíò, pé wọ́n á fi igi dí ọ̀nà, wọ́n á sì yọ láti inú igbó. Ó fa ọ̀pá kékeré yẹn, ó tẹná mọ́ jíìpù. Mọ́tò gun orí ẹ̀ka igi kọjá, ó sì já gbàmù sínú omi pupa tó bo iná iwájú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó kú. Misbaudeen yí kọ́kọ́rọ́. Ó tún yí i. Lẹ́yìn èyí, nǹkan kan dún gbàù níwájú mọ́tò, kò sì sí ìró kankan mọ́. Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó mu Asiata dé orúnkún. Báàgì tí Ramlah dì wà nílẹ̀ mọ́tò, súwẹ́tà inú rẹ̀ ti rin gbingbin. Òjò náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́ta yọ láti inú oko, àdá lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni oníkẹ̀kẹ́ yẹn.

"Oga, bring that pikin," ló wí. "My house dey near, fire dey. We go drag motor later."

"Stay there! Who send una?"

"Nobody send us. Na we put that leaf since yesterday."

"Show me your ID card!"

Ọkùnrin náà wo ṣòkòtò oko ara rẹ̀. "Person dey carry ID card go farm?"

"Daddy, I dey cold," ni Asiata ń wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Make we follow am."

"Dákẹ́!" Misbaudeen na sípánà táyà síta láti ojú fèrèsé.

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn lójú. "You dey call us thief for our papa land," ni oníkẹ̀kẹ́ wí, inú sì bí i. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

Misbaudeen gbé ọmọ náà sórí àga ẹ̀yìn, ó ń ṣọ́ igbó. Ọwọ́ ọ̀sán ni Asiata di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Daddy, my leg. Daddy, my back." Bàbá rẹ̀ mọ igbe yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pe nọ́ńbà lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Nígbà tí ọ̀kan wọlé, Ramlah ló pè é.

"Bàbá Asiata, níbo lẹ wà? Mùbárákù ti wá yín dé Rumuolumeni, Àáfà ní òun ò fojú kàn yín!"

Asiata tún ké lórí àga ẹ̀yìn.

"Mò ń gbọ́ igbe ọmọ mi. Níbo lẹ wà?"

"Isiokpo. Nínú oko. Mọ́tò kú sínú omi."

Ramlah kò bú u. Ó ní, "Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀. Ẹ fún un lómi mu, ẹ fún un lóògùn. Ẹ wá èèyàn tó máa gbé e dé ọsibítù. Ẹnikẹ́ni!" Fóònù já.

Ẹnikẹ́ni ọ̀hún ni Misbaudeen ti lé lọ. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Ó fún ọmọ náà lóògùn. Ó pọn Asiata, ó la omi kọjá, ó ń kígbe. Obìnrin kan tó ń bọ̀ nínú òjò ló dá a lóhùn, ìró gbígbẹ wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"My husband say you dey fear man," ni obìnrin náà, ìyàwó oníkẹ̀kẹ́ yẹn, wí. "You dey fear me too?"

Misbaudeen bú sẹ́kún, ó gbé ọmọ fún un. Wọ́n fi ìró gbígbẹ wé e, wọ́n fi ọ̀kadà gbé e gba ọ̀nà ilé ìwé tó há yẹn, omi kò tilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọsibítù, Dókítà Fọláhànmí kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. "Bí òtútù bá mú ọmọ tó ní àìsàn yìí, tàbí tí kò bá mu omi tó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra, kò ní rọ́nà dé egungun. Bó bá ti ní egungun ń dun òun, tí oògùn ilé kò sì ràn án, kò yẹ kí ẹ dúró rárá. Ẹ pẹ́ jù."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí Asiata lára. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ egungun ìbàdí rẹ̀ kan ti bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì jíìpù náà kò ṣeé tún ṣe. Dáúdà mẹkáníìkì sọ fún un pé mọ́tò tó bá kú sínú omi, wọn kì í tún un tan. Ńṣe ni wọ́n ń tì í síta kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí omi lè jáde. Ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Gọ́tà ni wọ́n ń gbẹ́ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, Asiata bi í pé, "Daddy, that man wey you pursue, you know am before?"

"No."

"Then how you take know say na bad man?"

Ramlah náà gbójú sókè, ó ń dúró de ìdáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìfura loògùn àgbà, àwa náà ò sì ní tan ara wa pé kò sí ajínigbé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ará ilé rẹ mọ ibi tí ò ń lọ gan-an, kí o sì pè wọ́n bí o bá yà kúrò lọ́nà. Kọ́ ọkọ̀ wíwà lójú ọ̀nà oko lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí o tó dá a dán wò, má sì mú aláìsàn lọ dán an wò. Omi tí o kò bá fẹsẹ̀ wọ̀n, má wakọ̀ wọ̀ ọ́. Bí ará ibẹ̀ bá ní kí o padà, padà. Bí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà ọ́, padà sílé pátápátá, kò sẹ́ni tó ní kí o tẹ̀ síwájú.

Asiata ti padà sílé ìwé báyìí. Ọ̀pá ló fi ń rìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá a gbé báàgì. Bí o bá ń jáde nílé lọ́la, sọ òótọ́ ibi tí ò ń lọ fún ẹnì kan.