Ọwọ́ Bodil Lórí Òkúta

"Ìyá Bodil, kọfí yín ń tutù."

"Ọwọ́ wo ni kí n fi gbé e?"

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó ti kú. Ìka kan, ọ̀sẹ̀ kan. Ó ku àtàǹpàkò. Dókítà ní ogbó ni. Mo bi í pé, ṣé àbúrò ọ̀tún ni ọwọ́ òsì mi ni?"

Sidsel rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ Sidsel ní ìlú Aarhus ni kó máa wá àwọn ayàwòrán tó ṣì ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ láyé ẹ̀rọ yìí, kó sì tẹ àwòrán wọn jáde. Òun ló rí Bodil ní erékùṣù kan, níbi tí ìyá náà ti ń yàwòrán fún ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Bodil ya ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ sórí òkúta pẹlẹbẹ. Sidsel fi yíǹkì kùn ún, ó sì tẹ ogún ẹ̀dà sórí bébà. Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé bí iye àdéhùn bá ti pé, wọn a fi iyanrìn àti omi lọ òkúta náà lójú ẹni tó ni àwòrán, títí àwòrán náà yóò fi pa rẹ́.

Àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń béèrè fún un. Ojú Bodil kò sì ríran dáadáa mọ́. Òkúta mìíràn ni Sidsel lọ̀ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ, ó ń yọ́ tẹ ẹ̀dà kan, ó sì ń fara wé ìbuwọ́lù ìyá náà. Ó ti tẹ mẹ́rin. Ìkarùn-ún, tó tẹ̀ láàárọ̀, ṣì wà lórí okùn tó sá a sí ní yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀ yìí. Kò tíì kọ nǹkan kan sí i.

"Ẹ jẹ́ n mú ṣúgà wá."

Ṣúgà kọ́ ló lọ mú; ẹ̀dà karùn-ún ló lọ wò.

Ní ìsàlẹ̀ bébà náà, wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ Bodil, gbọọrọ, láìgbọ̀n, bí Sidsel kò ṣe lè kọ ọ́ láé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ iye ẹ̀dà sí: 25/20, ẹ̀dà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ogún.

"Sidsel," ni ohùn Bodil wí jẹ́jẹ́ láti yàrá iwájú. "Àtàǹpàkò náà ti lọ."

Ó sáré jáde pẹ̀lú ike iyanrìn lọ́wọ́. "Ìyá, mo purọ́ fún yín. Òkúta yín ṣì wà. Ẹ jókòó, màá lọ̀ ọ́ lójú yín báyìí."

Bodil ti ń fi ọwọ́ òsì ṣílẹ̀kùn.

"Má lọ̀ ọ́ mọ́, ọmọ mi. Inú òkúta yẹn lọwọ́ mi wà báyìí. Á dùn mí."