Ọ̀nà Òkú Overgill

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin Winifred Tallentire, Gerald Hartnoll fi àgádágodo ti géètì Ọ̀nà Òkú, ó ní kí wọ́n gbé òkú arúgbó náà gba ibòmíràn. Kò tọrọ gáfárà. Kò sì jáde wá wo ojú àwọn tó ń sunkún.

Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, kó lọ dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yẹn nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀, kó tó rẹ́rìn-ín.

Overgill kò ju ilé bíi mélòó kan lọ lórí òkè. Àgùntàn pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. Kò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kettlebeck, nísàlẹ̀ àfonífojì, ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sin òkú sí. Láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí mọ́ ni àwọn ará òkè ti ń fi èjìká ru òkú wọn sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró kan tó gba àárín pápá kọjá. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lójú ọ̀nà náà, tí wọ́n máa ń gbé pósí lé kí àwọn tó rù ú lè mí. Tí wọ́n bá kúrò níbi òkúta, wọ́n á kan géètì. Tí wọ́n bá kọjá géètì, wọ́n á gba iwájú ilé ńlá tí Hartnoll rà.

Hartnoll kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sọ: ibi tí wọ́n bá gbé òkú gbà, ọ̀nà gbogbo ayé ni títí láé, kò sí ọlọ́lá tó lè dí i. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà nídìí ọtí. Hartnoll kò fi ṣàwàdà. Ó gbà á gbọ́ dénú egungun. Ó fẹ́ kí ọ̀nà náà kú kúrò níwájú fèrèsé òun, ó sì ti dá a lójú pé òkú kan ṣoṣo tó bá tún gba ibẹ̀ kọjá ni yóò ba nǹkan jẹ́.

Bryony, ọmọ ọmọ Winifred, ló di ọwọ́ arúgbó náà mú nígbà tí ohùn rẹ̀ ń lọ.

"Má jẹ́ kí wọ́n fi mọ́tò gbé mi o," ni ìyá àgbà wí. "Ibi tí ìyá mi gbà ni kí n gbà."

"Ibẹ̀ lẹ máa gbà, Màmá."

Mọ́tò ni wọ́n fi gbé e. Wọ́n gbé e yí ẹ̀yìn òkè ká bí ẹrù tí kò ní oníǹkan. Bryony jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, kò sunkún. Inú ń bí i ju kí omijé ráyè lọ.

Ó yẹ kó padà sí Leeds, ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ kejì. Kò padà. Ó ń gbé ilé ìyá àgbà, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun nílé ọtí Doreen Askew ní Kettlebeck.

"O ò tíì lọ," ni Doreen wí, ó gbé páì ẹran síwájú rẹ̀.

"Mi ò tíì lọ, Àǹtí Doreen."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ á dúró."

"Iṣẹ́ kì í dúró de ẹnì kankan. Jẹ páì ẹ kó tó tutù."

Wilf tó ń gbẹ́ sàréè jókòó sídìí iná, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ bá Hartnoll jà ni. Hartnoll tí ajá ẹ̀ ń jẹun ju èmi lọ."

"Ajá ẹ̀ ń wẹ̀ jù ẹ́ lọ náà," ni Doreen dá a lóhùn.

Bryony kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà yín ni. Òkú yín ló ń gba ibẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

Wilf kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Ó ń wo iná.

"Ilé tí Wilf ń gbé, Hartnoll ló ni ín," ni Doreen wí. "Pápá tí àgùntàn àbúrò mi ti ń jẹko, Hartnoll ló ni ín. Ṣé ó ti yé ẹ báyìí?"

"Ó yé mi. Kò tọ́ síbẹ̀."

Doreen nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Má lọ síbi géètì yẹn nígbà tí kùrukùru bá wà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò sọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Mo ní kó o má lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò rọ̀, ó dá. Kùrukùru wá bolẹ̀ láti orí òkè. Bryony wọ bàtà òjò ìyá àgbà, ó lọ.

Kò sí ìró kankan. Àgùntàn kò ké. Omi ń kán láti ara ògiri òkúta, ó ń kán sínú koríko. Kò rí ju apá rẹ̀ lọ níwájú.

Ó dé ibi òkúta pẹlẹbẹ. Òjò ti rin ín, ó ń dán. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ gbẹ. Ibi gbígbẹ náà gùn, ó fẹ̀ níbi èjìká, ó tín-ínrín níbi ẹsẹ̀. Bryony fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Kò sí ọ̀rinrin níbẹ̀ rárá, bí ẹni pé nǹkan kan wà lórí rẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò.

Nígbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀.

Ó rò pé àgùntàn ni. Ṣùgbọ́n àgùntàn kì í gbé ẹsẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn wọ̀nyí ń gbé e pọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì. Ó wúwo, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìrìn àwọn tó ru nǹkan tí kò gbọ́dọ̀ mì. Ó wá láti òkè. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Koríko tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún. Kò rí ẹnikẹ́ni. Òórùn aṣọ onírun tí òjò pa kàn án nímú.

Ẹsẹ̀ náà dé géètì, ó dúró. Àgádágodo mì. Ó mì lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó mọ ilé ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ yí padà, ó ń gun òkè lọ.

Bryony sọ̀kalẹ̀ lọ bá Doreen.

"Ẹ mọ̀," ló wí.

"A ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ ìsìnkú," ni Doreen wí.

"Ta ni wọ́n gbé? Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé Màmá wọ ilẹ̀."

"Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ yẹn," ni Wilf wí láìgbójú sókè. "Èmi náà ni mo bò ó. Mo mọ nǹkan tí mo bò."

"Ta wá ni wọ́n gbé?"

"Ìyẹn ni mi ò ní bi wọ́n."

Doreen fi ọwọ́ lé e léjìká. "Máa lọ sí Leeds, ọmọ mi. Tó bá yá, á rẹ̀ wọ́n."

"Ohun tí Hartnoll ń dúró dè gan-an nìyẹn," ni Bryony wí. "Kó rẹ gbogbo wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàyè, ó ti rẹ̀ yín. Àwọn tó ti kú ni kò tíì rẹ̀."

Doreen mú ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀.

Nígbà tí kùrukùru tún bolẹ̀, ó mú irin tí ìyá àgbà fi ń gé wáyà ọgbà àgùntàn, ó lọ síbi géètì. Irin àgádágodo náà le. Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó já. Ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, ó sì fi òkúta dá a dúró.

Hartnoll ti ń bọ̀ láti ilé, tòun ti ajá rẹ̀.

"Ilẹ̀ mi lo dúró sí yẹn."

"Ọ̀nà wa ni mo dúró sí, ọ̀gá."

"Wọ́n ti sin ìyá àgbà ẹ. Kí lo tún ń wá?"

"Kó gba ibi tó ní òun fẹ́ gbà."

"Máa lọ sílé, ọmọdébìnrin. Ìbànújẹ́ ti dà ẹ́ lórí rú."

Ajá náà kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀, ó sá padà sílé láìgbó. Nígbà náà ni àwọn méjèèjì gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ láti òkè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì. Ó dé ẹ̀yìn Bryony gan-an, ó dúró.

Géètì wà ní ṣíṣí. Wọn kò kọjá. Wọ́n ń dúró de nǹkan.

Ohun kan bà lé èjìká ọ̀tún Bryony. Igi ni, bíi ti pósí, ó tutù, etí rẹ̀ mú. Ó wúwo, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló gbé e.

Hartnoll kò wo Bryony mọ́. Ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ti orí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn, ó ń jìnnà lọ sókè, bí ẹni tó ń wo ìlà tí kò rí òpin rẹ̀.

"Sọ fún wọn kí wọ́n padà," ló wí. "Gbogbo wọn. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn."

"Ta lẹ rí?"

Ètè rẹ̀ ń mì lásán.

Bryony lè yí orí wo ẹ̀yìn. Ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí. Ó dá a dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó di igi tútù náà mú dáadáa, ó sì tún èjìká rẹ̀ gbé sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa yẹ̀.

"Ẹ yà lọ́nà, ọ̀gá," ló wí. "A ń kọjá."

Ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.