Líǹkì Tó Bojú Wọ Ìdógò

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti bọ́dà, ìrẹsì Kútọnu kò wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá Mẹ̀dínátù ní Ìdógò mọ́. Ìrẹsì ilẹ̀ wa ló kù, ìyẹn náà kò sì pọ̀. Àwọn obìnrin mọ́kànlá tó wà nínú ẹgbẹ́ onírẹsì wá ń ṣọ́ owó tó ṣẹ́ kù sí báǹkì ná, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni ìròyìn ayọ̀ dé sórí fóònù wọn. Mọ́nsúrátù, ọ̀rẹ́ wọn ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ló fi ránṣẹ́. Ó ní ìjọba fẹ́ ran àwọn oníṣòwò tí bọ́dà títì pa lára lọ́wọ́. Kí wọ́n tẹ líǹkì tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì báǹkì àti nọ́ńbà àṣírí wọn sínú fọ́ọ̀mù kí aago méjì tó lù.

Ẹgbẹ́ yìí ní àṣà kan. Nígbà tí bọ́dà ṣì wà ní ṣíṣí, gbogbo wọn kì í lọ Kútọnu. Màmá Mẹ̀dínátù ní í gba owó gbogbo wọn, òun ní í dá lọ, tí í dá bọ̀, owó ẹnikẹ́ni kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nítorí náà, kó tó di ọ̀sán, káàdì báǹkì mọ́kànlá ti wà lórí tábìlì rẹ̀. Olúkúlùkù ti kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí bébà kékeré, ó ti fi rọ́bà dè é mọ́ káàdì.

"Màmá, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́," ni Mùínátù, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wí. "Ẹni tó ń dá Kútọnu lọ fún odidi ẹgbẹ́, ṣé fọ́ọ̀mù ló máa wá dẹ́rù bà á?"

"Má yọ mí lẹ́nu. Ìgò ojú mi ni mò ń wá."

Ibi tó ti ń wá a ni Azeezat, ọmọ àbúrò rẹ̀, ti wọlé wá kí i. Ìlaró ni Azeezat ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá àwọn èèyàn ṣe ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí àwọn káàdì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ìrànwọ́ ìjọba ni. Wo orúkọ ìjọba lára líǹkì níbí, gbàgàdà."

"Ẹnikẹ́ni ló lè ra irú orúkọ yẹn, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó gba fóònù, ó tẹ líǹkì náà, ó ṣí ojú ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó tún ṣí ẹ̀kẹta. "Ẹ wo àdírẹ́sì òkè yìí. Gbogbo ibi tá a lọ, kò yí padà rárá. Ara ti ń fu mí." Ó wá fi àtàǹpàkò lé ibi tí wọ́n kọ "Tẹ̀ síwájú" sí, kò sì gbé e kúrò. Fóònù bá gbé ibi tí líǹkì náà ń lọ gan-an jáde: orúkọ gígùn kan tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀, tí kò bá ti òkè tan rárá.

Màmá Mẹ̀dínátù fa fóònù mọ́ra. "Báwo ni mo ṣe wà níbí, tí mo tún wà níbòmíràn?"

"Ẹni tó bá ní orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ní kí ó máa darí èèyàn lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá kó ṣọ́ọ̀bù lọ Ayétòrò, tí ẹ lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn yìí pé ẹ ti kó lọ, oníbàárà máa mọ̀ pé Ayétòrò lòun dé. Kò sí láìfí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan lè darí yín, kí wọ́n tún fi ìbòjú bo ibi tí wọ́n darí yín sí. Orúkọ àkọ́kọ́ lẹ ó máa rí lókè, ilé ẹlòmíràn lẹ sì wà."

Mùínátù rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́. "Bí ẹni tó da ìrẹsì Kútọnu sínú àpò ìrẹsì ilẹ̀ wa."

Màmá àti Azeezat yíjú sí i.

"Ẹ má wò mí. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan."

Ẹ̀rín sọ. Màmá Mẹ̀dínátù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa. Láti ìgbà tí bọ́dà ti tì, kò ra àpò kan rí nítorí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Àfi kó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kó fi eyín gé hóró kan wò. Òun náà ló wá fẹ́ gbé oúnjẹ ọmọ ènìyàn mọ́kànlá lé ara àpò lásán.

"Ṣé gbogbo àwọn tó ń bo tiwọn lolè?" ló béèrè.

"Rárá, Màmá. Ẹlòmíràn fẹ́ kí àdírẹ́sì òun kúrú ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti bojú, a kì í kọ àṣírí síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fún yín lówó, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà àṣírí káàdì ṣe?"

Màmá Mẹ̀dínátù gbé fóònù sẹ́nu, ó sì gba ohùn sílẹ̀: "Èmi Màmá Mẹ̀dínátù Ìdógò ni. Líǹkì ìrànwọ́ bọ́dà yẹn, ẹ má kọ ohunkóhun sí i. Ẹni tó bá ti kọ ọ́, kó sáré lọ báǹkì báyìí, kí wọ́n ti káàdì rẹ̀ pa." Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tó mọ̀, láti Ìlaró dé ẹ̀bá bọ́dà.

Kò pẹ́ tí Mọ́nsúrátù fi pè é. "Káàdì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ohùn yín wọlé. Nọ́ńbà méjì péré ló kù kí n tẹ̀ ẹ́ tán."

Azeezat ya àwòrán àdírẹ́sì méjèèjì, ó sì fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ tó ta orúkọ náà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Sátidé, wọ́n ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn olè. Ẹni tó bá tẹ líǹkì yẹn kò rí nǹkan kan mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ ohùn Màmá Mẹ̀dínátù, kò sí ẹni tí kọ́bọ̀ rẹ̀ lọ. Mùínátù ló ń gbé orin, àwọn yòókù ń gbè é ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni pé bọ́dà ti ṣí.

Màmá Mẹ̀dínátù dá káàdì oníkálukú padà, ó dáná sun àwọn bébà náà, ó sì ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí wọn. "Kútọnu ni mò ń bá yín lọ," ló wí. "Mi ò bá yín wọ inú àkáǹtì."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, orúkọ tó wà lókè nìkan kò tó ẹ̀rí. Bí ẹ bá ń ti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn tí àdírẹ́sì kò yí padà rárá, ẹ fura. Ẹ fi ìka tẹ líǹkì mọ́lẹ̀ pẹ́ títí, kí ẹ rí ibi tó ń gbé yín lọ. Bó bá jẹ́ ibòmíràn, ẹ jáde. Ẹ má fi nọ́ńbà àṣírí yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, bó ti wù kí ẹ fọkàn tán an tó. Bí wọ́n bá ní ìrànwọ́ kan dé, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn dé báǹkì tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ béèrè lójúkojú. Bí ẹ bá sì rí ayédèrú, ẹ má dákẹ́: ẹni tí ẹ kìlọ̀ fún lónìí lè ti mú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́.