Ìdajì Orógbó

Etí ọ̀tún ọmọkùnrin kan ni màmá Ìbíwùmí dì mú, ó ń wọ́ ọ bọ̀ láti abẹ́ igi orógbó bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu. Báyìí ni Ìbíwùmí ṣe kọ́kọ́ rí Gbọ́láhàn, nínú oko wọn lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, lọ́nà Ìgbarà-Òdò.

"Olè! Orógbó ọkọ mi ló ń kó lọ ulé!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa ṣà á!"

Ojú ti Ìbíwùmí débi pé ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ má bínú. Wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan."

Gbọ́láhàn fọwọ́ ra etí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Àìsàn ìgbàgbé yẹn gan-an ló gbé mi wá." Ó ní àwọn ń yọ oje inú orógbó ní yunifásítì, àwọn ń wò ó bóyá ó lè dá àìsàn tó ń pa ọpọlọ díẹ̀díẹ̀ dúró.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í wá. Ìbíwùmí tí kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa orógbó. "Olè mi," ló ń pè é. "Ọmọ afanilétí," lòun náà fi ń dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n àìsàn náà kò bá wọn ṣeré. Màmá gbàgbé ọ̀nà ilé. Ó gbàgbé bí a ṣe ń wẹ̀. Nígbà tí Gbọ́láhàn fi máa sọ̀rọ̀ ìdána, màmá kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́.

"Nílé tiwa," ni Ìbíwùmí wí, "ìyá ìyàwó ló ń fi eyín gé orógbó ìdána, á fi ìdajì sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, á sì kì í ní oríkì rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ mí, kí wọ́n pè mí ní Àjọkẹ́, kí n tó lọ. Fún wọn ní oògùn yẹn."

"Olùfẹ́ mi, lára eku nìkan la ṣì ti dán an wò. N kò mọ ohun tó lè ṣe fún ènìyàn."

"Ká ní ìyá tìrẹ ni ńkọ́? Máa lọ!"

Bó ti lọ tán, Ìbíwùmí gún orógbó ẹ̀kún odó, ó pò ó mọ́mi, ó sì fi tipátipá rọ ọ́ sí màmá lẹ́nu. Màmá bì títí ó fi ṣubú sórí ẹní. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má pa mí, ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ìyá rẹ̀ ló ń pè é ní mà. Ẹkún ni Ìbíwùmí fi pe Gbọ́láhàn lórí fóònù. Ó dé, ó nu èébì, kò sọ pé ṣebí mo wí bẹ́ẹ̀.

"Oògùn náà lè má dé lójú ayé wọn, Àjọkẹ́ mi. Àmọ́ o ò ní dá nìkan tọ́jú wọn mọ́."

Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n fi orógbó sí màmá lọ́wọ́. Màmá wò ó, ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó fi eyín gé e, ó fi ìdajì sí i lẹ́nu. Oríkì kò jáde. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omijé ọmọ náà.

"Jẹ ẹ́, ọmọ ọlọ́mọ. Má sunkún mọ́. Yèyé rẹ ń bọ̀ wá mú ọ lọ ulé."

Orógbó náà korò. Ìbíwùmí rún un, ó gbé e mì.

Gbọ́láhàn kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ṣé, màmá," ló wí. "Àwa méjèèjì la ó jọ máa dúró de yèyé rẹ̀."